Omi Búrẹ́dì Inú Kẹ́tù Àlùwàlá

Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó retí nǹkan. Bí mo bá gbé omi kaná, màá ṣí i wò tó ìgbà mẹ́fà kó tó hó. Bí mo bá ń retí àlejò, ẹnu géètì ló máa bá mi, màá ti jáde, màá ti wọlé, títí orúnkún á fi máa dùn mí. Ìyá mi máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun bí mi, mi ò dúró kí agbẹ̀bí bọ́ bàtà. Nítorí náà, ẹ lè fojú inú wo ìyà tó jẹ mí lọ́sẹ̀ tí mo fi ṣe búrẹ́dì, torí mi ò tíì rí ohun tó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ bíi fúláwà tí wọ́n ní kéèyàn fi sílẹ̀ kó wú.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ibà lásán, irú èyí tó ń ṣe gbogbo wa. Ìyá mi lo oògùn, ibà lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ ò wọlé mọ́. Àkàmù ṣíbí mẹ́ta, ó ti tó. Mo forí ṣe fọrùn ṣe, mo se ìkọ́kọrẹ́ tó lẹ́ja nínú, irú èyí tó máa ń tìtorí ẹ̀ bá mi jà pé mi ò bu tòun kún. Ó wò ó, ó ní kí n gbé e lọ fún ará òdìkejì. Mo ní kó fi ẹnu kàn án lásán. Ó ní ṣé òun ti di ọmọ ọwọ́ ni.

Àwa méjì péré là ń gbé inú ilé náà, ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde kó tó kú. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ, ìyá mi sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Àlájà là ń pè é, àwa ọmọ ẹ̀ pàápàá, láti ọjọ́ tó ti Mẹ́kà dé. Bọ̀ọ̀dá mi, tó jẹ́ àkọ́bí ẹ̀, Èkó ló ń gbé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pè wá lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, ó rí ojú Àlájà, ó wá ní kí n gbé fóònù bọ́ síta.

"Eegun ọrùn ẹ̀ ti yọ," ó ní. "Ọjọ́ Àìkú, mò ń bọ̀. Bí mo bá bá a tó ń jẹun, màá fi í sílẹ̀ fún ẹ. Bí kò bá jẹun, mò ń gbé e lọ sọ́dọ̀ mi. Dókítà ò jìnnà sí mi níbí."

Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo mọ̀ tí òun ò mọ̀. Ìgbà tí Àlájà lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ẹ̀, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ti rẹ́ni kí, ojú fèrèsé ló jókòó sí lójoojúmọ́ títí wọ́n fi gbé e padà. Bó ṣe délé, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bí ẹ bá tún gbé mi lọ síbẹ̀, òkú mi lẹ máa gbé bọ̀." Kì í ṣe obìnrin tó máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló fi kó mi láyà sókè. Mi ò sọ fún bọ̀ọ̀dá mi. Mo kàn dá a lóhùn pé, "Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bá a nídìí oúnjẹ." Ta ló rán mi níṣẹ́?

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì kan wá wò ó nílé, tó sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí oògùn tó lè rọ́pò oúnjẹ, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ jẹ? Ohun yòówù kó jẹ́, màá wá a."

Mo ti ń dìde lọ nígbà tó ní, "Búrẹ́dì."

"Ṣé ti ìdí ọjà yẹn? Ẹ jẹ́ kí n sáré ra á."

"Búrẹ́dì tèmi," ó ní, ó sì pa ojú dé.

Ó ti tó ogójì ọdún tí ìyá mi ti ṣe búrẹ́dì kẹ́yìn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yìnkùlé wa ni ààrò amọ̀ ẹ̀ wà, ó ga tó mi ní èjìká. Á dáná igi sínú ẹ̀, á gbá ẹyin iná jáde, á ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ láti fi mọ bó ṣe gbóná sí, á wá to agolo búrẹ́dì sínú ẹ̀, á fi páànù dí ẹnu ẹ̀. Búrẹ́dì náà ò ga, kò sì funfun. Ẹ̀yìn ẹ̀ le, inú ẹ̀ rọ̀, adùn ẹ̀ kan díẹ̀, ó sì máa ń kù sí ẹnu lẹ́yìn téèyàn bá ti jẹ ẹ́ tán. Àwọn tíṣà máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀. Bó bá di oṣù ààwẹ̀, òun ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣínu, títí dórí àwọn ààfáà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti Mẹ́kà dé, kò ṣe é mọ́. Ààrò wó, a ní òjò ló wó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ, àwa náà sì ń ra búrẹ́dì jẹ bíi gbogbo èèyàn.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ bó ṣe máa ń ṣe é. Ó kà á fún mi: fúláwà, ṣúgà, iyọ̀ tí kò pọ̀, òróró díẹ̀, omi.

"Kí lẹ fi ń wú u?"

Ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Mo lọ ra fúláwà àti yíìsì lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí yíìsì ni pé kéèyàn fi fúláwà tó pò sílẹ̀ fún wákàtí kan. Mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn náà, mo ṣí aṣọ lórí ẹ̀ wò, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo gbé e bọ́ sínú oòrùn, mo tún gbé e wọlé. Búrẹ́dì tó jáde níbẹ̀, ọ̀bẹ ò wọ̀ ọ́. Mo jù ú sí ewúrẹ́ aládùúgbò lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ewúrẹ́ gbóòórùn ẹ̀, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi agídí mú ara mi. Bí fúláwà ṣe ń wú, mo fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, mo gbá ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀mejì, mo rìn dé ọ̀nà títì, mo padà. Mo yan án nínú sítóòfù gáàsì. Ó jáde dáadáa, ó pọ́n, ó rí roboto, èmi fúnra mi bù ú jẹ, mo sì yin ara mi. Mo gbé e lọ fún Àlájà pẹ̀lú tíì. Ó já díẹ̀ níbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó rún un lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá tu ú sí àtẹ́lẹwọ́.

"Kì í ṣe eléyìí."

"Kí ló kù níbẹ̀, Àlájà?"

"Mo ní kì í ṣe eléyìí."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo wọ kíṣìnnì, mo fi àwo lélẹ̀ bí ẹni pé àwo ló ṣẹ̀ mí, mo ń dá sọ̀rọ̀: ẹni tí kò jẹun látọjọ́ mélòó kan, òun ló tún ń ṣa oúnjẹ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń wúkọ́ nínú yàrá, ojú sì tì mí wẹ̀lẹ̀mọ̀. Mo fi aṣọ wé búrẹ́dì náà, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo rò pé bóyá iná gáàsì ló fa á. Nítorí náà, lọ́jọ́ Jímọ̀, mo wá ìkòkò irin kan tí bàbá mi fi ń se ẹran iléyá. Mo da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo gbé agolo búrẹ́dì lé orí iyanrìn náà, mo dé e, mo kó ẹyin iná èédú sórí ọmọrí. Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn. Ohun tí kò yẹ ni kéèyàn máa ṣí i wò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sì ṣí i. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ jóná, òkè ẹ̀ funfun bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Àlájà ò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó kàn fi imú fà á, ó mi orí.

Bọ̀ọ̀dá mi pè.

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Ó jẹ díẹ̀ lónìí," mo ní. Irọ́ ni.

"Ó dáa. Àìkú ò jìnnà mọ́."

Bí wọ́n ṣe kírun Jímọ̀ tán, mi ò bọ́ ìborùn, ọ̀dọ̀ Ìyá Kékeré ni mo gbà lọ. Òdìkejì ọ̀nà ló ń gbé, onígbàgbọ́ ni, ọ̀rẹ́ ìyá mi ni láti ìgbà ọ̀dọ́. Orúkọ tí a ti ń pè é nígbà tí a wà ní kékeré ló kù mọ́ ọn lára, bó tilẹ̀ ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Òun ló máa ń bá ìyá mi po fúláwà nígbà náà. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Kékeré, ẹ gbà mí. Kí ni Àlájà fi ń wú búrẹ́dì ìjọ́sí?"

Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Kò sọ fún ẹ ni?"

"Kò sọ."

"Bí kò bá sọ, èmi ò lè sọ ọ́."

Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo ní, "Lọ́jọ́ Àìkú, bọ̀ọ̀dá mi ń bọ̀ wá gbé e lọ sí Èkó bí kò bá jẹun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó sọ nípa Èkó."

Ó mọ̀ ọ́n, torí òun ló máa ń jókòó tì í lójoojúmọ́. Ó ṣa òkúta méjì jáde, ó jù wọ́n nù, kò sì wo ojú mi nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ṣebí ìwọ náà lo máa ń wá gbé e. Ọ̀dọ̀ bàbá mi, láàárọ̀ kùtù."

Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú mi lójú. Ká tó wí, ká tó fọ̀, mo ti rí kẹ́tù náà. Kẹ́tù àlùwàlá ni, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Ìyá mi á fi lé mi lọ́wọ́, á ní kí n lọ gba omi búrẹ́dì wá, kí n má ṣí i, kí n má sì jẹ́ kó dà. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni mo máa ń gbà kọjá bí mo bá ń bọ̀. Àwọn bàbá tó jókòó síbẹ̀ á máa yìn mí pé ọmọ dáadáa ni mí, pé mò ń gbé omi àlùwàlá lọ fún bàbá mi. Màá kúnlẹ̀ kí wọn, pẹ̀lú kẹ́tù lọ́wọ́. Èmi náà gbà pé omi tí wọ́n ṣe àdúrà sí ni.

Bàbá Ìyá Kékeré, adẹ́mu ni. Ayépé ni wọ́n ti wá.

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ni," Ìyá Kékeré ní. "Ìsàlẹ̀ agbè tó máa ń kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta ẹmu tán. Yíìsì ò wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Ìyá ẹ fi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó dùn, àwọn èèyàn ń béèrè fún un, bó ṣe kù síbẹ̀ nìyẹn."

"Ṣé bàbá mi mọ̀?"

"Bàbá ẹ tí kì í gba iwájú ilé ẹlẹ́mu kọjá?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ìgbà tí ìyá ẹ ti Mẹ́kà dé, òun fúnra ẹ̀ ló gbé ọkọ́, ló wó ààrò yẹn. Mo wà níbẹ̀. Kì í ṣe òjò. Ó ní òun ti búra fún Ọlọ́run pé òun ò ní fọwọ́ kan búrẹ́dì ẹlẹ́mu mọ́."

Mi ò wọlé nígbà tí mo padà. Mo rìn dé oríta, mo padà, mo tún rìn dé oríta. Mo ti wá mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Oúnjẹ kan ṣoṣo tí ọkàn ìyá mi fà sí láyé yìí, òun ló ti búra fún Ọlọ́run pé òun ò ní fọwọ́ kàn mọ́. Bí mo bá ṣe é fún un láìsọ, ó máa jẹ ẹ́, ó máa dúró sílé, mo sì ti ba ìbúra ẹ̀ jẹ́. Bí mi ò bá ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sójú fèrèsé yẹn, ó sì ti sọ bó ṣe máa padà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí oríta náà.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ayépé, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹmu. Mo di fúláàsì kan lọ́wọ́, mo sì wé ìborùn, torí mi ò lè fi orí lásán jáde, bẹ́ẹ̀ ìborùn náà ló wá ń gbóná mọ́ mi lórí. Ọkùnrin tó ń ta ẹmu wo ìborùn, ó wo fúláàsì.

"Mọ́mì, ẹmu lẹ fẹ́ rà?"

"Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ ni. Oògùn ni wọ́n ní ká fi ṣe."

"Oògùn fún ta ni?"

"Fún ìyá mi."

Ìyẹn nìkan ni òótọ́ tí mo sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lórí ọ̀kadà nígbà tí mò ń bọ̀, mo gbá fúláàsì náà mọ́ra lábẹ́ ìborùn, gbogbo ẹni tó bá sì wò mí, ó dà bí ẹni pé ó ń gbóòórùn ẹ̀.

Mo fi po fúláwà. Nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú abọ́, òórùn ìgbà èwe mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀, ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀. Mo bò ó, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Mo kírun Àìlà, mi ò mọ iye rákà tí mo kí, mo tún un kí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo gbé abọ́ náà lọ sẹ́nu gọ́tà pé kí n dà á nù, lẹ́ẹ̀mejì ni mo gbé e padà. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò lọ síbi tó wà mọ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fi sílẹ̀ jẹ́ẹ́ láyé mi, kì í sì í ṣe sùúrù, ẹ̀rù ni. Nígbà tí mo ṣí i láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ó ti wú kọjá etí abọ́.

Mo gbé e sínú ìkòkò oníyanrìn, mo kó ẹyin iná lé e. Mi ò ṣí i. Mo dì mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì kí n má baà ṣí i. Bọ̀ọ̀dá mi ti pè pé òun ti kọjá Ṣágámù. Nígbà tí òórùn búrẹ́dì náà gba gbogbo ilé, mo gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀ láti inú yàrá Àlájà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ìyá mi ò ti dìde láìjẹ́ pé mo gbé e. Ó dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ó di férémù mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, Àlájà."

Mo sáré gbé àpótí fún un, ó jókòó. Mo yọ búrẹ́dì náà, mo gbé e lé àwo, mo fà á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lórí àpótí kékeré. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé e bó ṣe gbóná tó, ó fi sí imú, ó dijú. Omi yọ lójú ẹ̀. Ó bù ú, ooru jáde níbẹ̀, ó sì ń gbé e bọ̀ lẹ́nu.

Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Kí n dákẹ́ ìṣẹ́jú kan péré, gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ náà á parí. Búrẹ́dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè ẹ̀.

"Àlájà," mo ní, "ẹmu wà níbẹ̀."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Kò wò mí.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìyá Kékeré. Mo fipá mú wọn sọ ọ́ ni."

"O mọ̀, o sì ṣe é."

"Mo mọ̀."

"O sì fẹ́ kí n jẹ ẹ́."

"Mo fẹ́ kí ẹ jẹun. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ."

Ó gbé èyí tó bù padà sórí àwo. Ó rọra nu ọwọ́ ẹ̀ sára ìró, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Àwọn ààfáà fi ṣínu," ó ní. "Èèyàn á gba ààwẹ̀ láti àárọ̀, ohun tí mo bá fi sí i lẹ́nu nìyẹn, mi ò sì sọ. Mo sunkún ní Mẹ́kà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ àwọn tó jẹ ẹ́, mi ò lè kò wọ́n lójú. Mo wó ààrò, mo ń ta aṣọ fún wọn, mò ń bá wọn ṣeré, títí wọ́n fi kú tán." Ó mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà tí ibà yìí ti mú mi, kò sí oúnjẹ tí mo rántí àfi òun. Ojú ń tì mí láti pe orúkọ ohun tó kù níbẹ̀ fún ẹ."

Mo na ọwọ́ sí àwo. "Ẹ jẹ́ kí n lọ jù ú nù."

"Fi í síbẹ̀." Ó gbójú sókè. "Ti Ọjọ́bọ̀ yẹn dà?"

Ó ti le díẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo gé e, mo yan án lórí iná, mo po tíì tó ní mílíìkì dáadáa. Ìyá mi sún búrẹ́dì ẹlẹ́mu mọ́ra lórí àpótí kékeré, ó tẹ̀ síwájú, ó fa òórùn ẹ̀ símú, ó wá ti búrẹ́dì Ọjọ́bọ̀ bọ tíì, ó gé e jẹ. Ó rún un. Mo ń wo ọ̀fun ẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó fa òórùn, ó tún gé e jẹ.

"Wọn ò ní kí n má gbóòórùn," ó ní.

Mo ń lọ sókè sódò nínú kíṣìnnì, mò ń ṣe bí ẹni tó ń tún nǹkan tò. Ó jẹ ẹyọ kan tán, ó mú èkejì.

"Jókòó," ó ní. "O ò jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń jẹ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi ti bá wa. Ó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó rí ìyá ẹ̀ lórí àpótí, ẹnu ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Àlájà, ẹ ń jẹun."

"Mò ń jẹun."

Bó ṣe dìde, imú ẹ̀ gbé òórùn náà. Kí n tó lanu, ó ti bu búrẹ́dì orí àpótí, ó ti fi sẹ́nu. Ojú ẹ̀ yí padà. Arúgbó tó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ lójú mi.

"Òun nìyí," ó ní. "Òun gan-an nìyí."

Mi ò ní sọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kó jẹ ẹ́, kó dùn mọ́ ọn, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ìyá mi ló gbé ife tíì sílẹ̀.

"Tu ú dànù," ó ní. "Ẹmu ni wọ́n fi wú u. Ẹmu ni mo fi ń wú gbogbo èyí tí ẹ jẹ dàgbà."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ̀ọ̀dá mi dúró. Ó wo Àlájà, ó wò mí, ó jáde. A gbọ́ tó tutọ́, a gbọ́ ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn, ó yọ ẹnu, ó tún un yọ. Ó pẹ́. Mo rò pé ìbínú ló máa fi gbé e lọ báyìí, oúnjẹ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan wá ti di òfo. Nígbà tó wọlé, irùngbọ̀n ẹ̀ ń kán omi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ṣé bàbá mọ̀?"

"Kò mọ̀. Àwọn ààfáà ò mọ̀. Nínú gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́, ìwọ ni mo kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi sọ fún."

Bọ̀ọ̀dá mi wá ní, "Tèmi ti tán, Àlájà. Mo ti dárí jì yín. Ọlọ́run á gbà á." Lẹ́yìn náà ló fi kún un, ohùn ẹ̀ sì wálẹ̀, "Àmọ́ ó mà dùn o."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ibà ti dé. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó yíjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́?" ó ní. "Ìwọ tí mo fi kẹ́tù rán gba iwájú mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń yìn ọ́?"

Mi ò mọ̀ pé ó rántí. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo ru kẹ́tù náà, bẹ́ẹ̀ láti ogójì ọdún yìí ló ti ń rù ú. Mo rántí fúláàsì tí mo gbá mọ́ra lábẹ́ ìborùn lórí ọ̀kadà, àti bí búrẹ́dì ṣe kù díẹ̀ kó kan ètè ẹ̀ kí n tó lanu. Mo di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú. Mo ní mo ti dárí jì í, kí òun náà dárí jì mí. Ó fi ọwọ́ tó kún fún èérún búrẹ́dì lé mi lórí.

Bọ̀ọ̀dá mi bá a jẹ ẹyọ kan nínú ti Ọjọ́bọ̀, ó kírun Àìlà, ó ní òun fẹ́ tètè bọ́ sọ́nà. Kò mẹ́nu kan Èkó mọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò bá ti bá a dé ẹnu géètì, mi ò bá dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ ẹ̀ á fi yà ní oríta, mi ò bá sì tún jáde lọ wò ó lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ tí ọkọ̀ náà gbéra, mi ò dìde. Mo jókòó ti ìyá mi nínú kíṣìnnì, ó ń jẹ búrẹ́dì Ọjọ́bọ̀, ó ń gbóòórùn ti Ọjọ́ Àìkú.